Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́: Kí wọ́n tó ní kọ́ọ̀sì kan kò lówó lórí, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná

Lọ́dọọdún, bí àwọn yunifásítì bá ti gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbòkun àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ fẹ́ ka ìmọ̀ òfin, máàkì rẹ̀ kò tó, ilé-ẹ̀kọ́ sì fún un ní kọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọ̀kan lára irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni Anthropology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá ènìyàn, àṣà wọn àti bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá máa ń bi ọmọ ni pé: "Iṣẹ́ wo ni wọ́n máa ń fi ṣe?"

Nígbà kan, ìbéèrè yìí kò mú ìnáwó ńlá lọ́wọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kéré. Bàbá á ta kòkó, ìyá á kó èésú, ọmọ á sì jáde láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ló fi kún iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún náà ni Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú bu ọwọ́ lu òfin tó dá ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Àléébù wà nínú òfin náà, àwọn aṣòfin sì tún un ṣe, Ààrẹ sì bu ọwọ́ lu èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún 2024. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, àjọ tó ń bójú tó owó náà, NELFUND, ṣí ojú òpó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, lẹ́yìn náà ló kan àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Kí ọdún 2025 tó parí, owó tó ti jáde lọ́wọ́ àjọ náà ti lé ní ₦100 bílíọ̀nù.

Nítorí náà, ìbéèrè bàbá yẹn ti wá ní ìṣirò nínú. Bí ọmọ bá yáwó ka Anthropology, ṣé owó tí yóò máa rí lẹ́yìn tó bá jáde yóò lè san gbèsè náà? Àwọn kan ti ń dáhùn pé kí ọmọ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kó dúró de ọdún mìíràn. Àwọn mìíràn ní ìmọ̀ kì í ṣe ọjà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ìdáhùn méjèèjì ló yá jù, torí pé àwọn tó ń sọ wọ́n kò tíì jókòó ṣírò.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé òbí ni irú gbèsè tí èyí jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbèsè àwọn olówó èlé. NELFUND kì í gba èlé kankan. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san án fún tààrà. Ẹni tó bá tún fẹ́ lè gba ₦20,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ àti àwọn ohun kéékèèké, èyí sì ń wọ inú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan padà yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe, ìdá kan nínú mẹ́wàá èrè rẹ̀ ni yóò máa san. Ẹni tí kò bá tíì ríṣẹ́ lè búra pé òun kò rí owó kankan gbà, kí wọ́n sì sún ọjọ́ síwájú fún un. Bí ikú bá dé, gbèsè náà bá onígbèsè lọ.

Òfin ọdún 2024 tún mú ohun méjì kúrò tó ń dẹ́rù ba àwọn ará oko nínú ti ọdún 2023. Àkọ́kọ́ ni onídùúró, torí pé ọmọ àgbẹ̀ tó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbòkun kò ní ibi tí yóò ti rí òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà tàbí agbẹjọ́rò tí yóò dúró fún un. Èkejì ni òfin tó ní kí owó tó ń wọlé fún ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Kò sí oko kòkó tí wọ́n fi dúró, kò sí ilé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ nìkan ló jẹ gbèsè náà.

Ó dára kí àwọn àgbà fi èyí wé ohun tí wọ́n bá láyé. Nígbà àtijọ́, ẹni tó bá yáwó a máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, kò sì ní dín gbèsè kù ní kọ́bọ̀. Bó ṣe ogún ọdún, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọ́n ṣì jẹ. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo kọ́bọ̀ tí ọmọ bá san ló ń dín gbèsè kù. Òbí tó bá ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má lọ fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà ìjọba ń bẹ̀rù ohun tí kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ ká bẹ̀rù, ìṣirò ni yóò sì fi í hàn.

Ká ní ọmọ kan láti Ìbòkun lọ ka Anthropology fún ọdún mẹ́rin. Ní tòsí, ó lè lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti so ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ Sociology, tàbí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ Archaeology, ìyẹn ìmọ̀ wíwá ohun àtijọ́ jáde láti inú ilẹ̀. Ká tún ní owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ₦150,000 ní ọdún kìn-ín-ní, kó sì jẹ́ ₦100,000 ní ọdún mẹ́ta tó kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦450,000. Bí ọmọ náà bá tún ń gba ₦20,000 fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún, ₦200,000 nìyẹn, ọdún mẹ́rin sì sọ ọ́ di ₦800,000. Gbogbo gbèsè náà wá di ₦1,250,000.

Kí ọmọ yìí jáde, kó sin ilẹ̀ baba rẹ̀, kó wá ríṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦70,000, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024. Wọ́n á máa yọ ₦7,000 lóṣù. Ó kù oṣù kan kó pé ọdún 15 kó tó san án tán. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦150,000, ọdún 7 ni yóò gbà á. Bó bá jẹ́ ₦300,000, ọdún 3 àti ààbọ̀ ti tó.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí. Ká ní ọmọ kan náà yá owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan, tí kò fọwọ́ kan ₦20,000 oṣooṣù. Gbèsè rẹ̀ á jẹ́ ₦450,000. Lórí owó oṣù ₦70,000, ọdún 5 àti oṣù bíi 4 ni yóò fi san án tán dípò ọdún 15. Lórí ₦150,000, ọdún 2 àti ààbọ̀. Èyí já sí pé nínú gbèsè náà, owó oúnjẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó ẹ̀kọ́. Orúkọ kọ́ọ̀sì tí gbogbo ilé ń bá ọmọ jà lé lórí kọ́ ló sọ gbèsè di ńlá.

Ẹ wò ó síwájú sí i. Ọmọ tó ń ka òfin ń lo ọdún márùn-ún, ó sì ṣì máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò lọ́tọ̀. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ ìṣègùn ń lo ọdún mẹ́fà. Bí àwọn méjèèjì bá yá irú owó kan náà lọ́dọọdún, gbèsè tiwọn ni yóò pọ̀ ju ti ọmọ Anthropology lọ. Lóòótọ́, dókítà lè rí owó tó pọ̀ tí yóò fi san tirẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé gbogbo ẹni tó ka òfin ló ń gba ₦300,000 lóṣù. Àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ tí owó oṣù wọn kò tó wọ ọkọ̀ kò lóǹkà nílùú yìí. Orúkọ ńlá lórí ìwé ẹ̀rí lè dùn ún gbọ́ nínú ẹbí, kò sì ní kí owó tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀.

Àǹfààní kan tún wà tí àwọn tó ń bẹ̀rù gbèsè kì í rántí. Gbèsè tí kò ní èlé máa ń fúyẹ́ bí ọdún bá ṣe ń lọ ní ilẹ̀ tí ọjà ti ń wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò kéde pé iye owó ọjà ti fi 34.8% lé sí i láàárín ọdún kan. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦18,000 ní ọdún 2011, ó di ₦30,000 ní ọdún 2019, ó sì di ₦70,000 ní ọdún 2024. Bí owó oṣù bá ń gòkè bẹ́ẹ̀, tí gbèsè kò sì kúrò lójú kan, ọdún 15 tó wà nínú ìṣirò yẹn lè má pé mọ́. Àgbẹ̀ kòkó mọ èyí dáadáa. Ẹni tó jẹ gbèsè náírà kó tó di pé kòkó wọ́n lọ́dún 2024 rí i pé àpò kòkó díẹ̀ ti tó san ohun tó gba àpò púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kòkó tó gòkè lọ́jọ́ kan lè wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé e.

Ohun tó léwu ní tòótọ́ ni àìríṣẹ́ àti ìdádúró. Ọmọ tó bá jáde tí kò ríṣẹ́ kò ní máa sanwó, àmọ́ gbèsè náà dúró dè é níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún mẹ́rin kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ń jẹ lára ọdún tí ọmọ ì bá fi máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ gbèsè kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Bí a bá dárúkọ òṣómàáàló níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló máa ń wá síni lọ́kàn. Àwọn ni wọ́n ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tí owó wọn yóò fi pé. Nínú owó yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé alájà ní Iléṣà ti jáde, nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti lọ ilé-ẹ̀kọ́. Òṣómàáàló kì í gbé aṣọ fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀, kì í sì í gbàgbé ọjọ́ ìsanwó. Ẹni tó ra aṣọ náà sì mọ̀ pé àtàrí òun ni gbèsè wà, torí pé bó pẹ́ títí, ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la.

Ìjọba kò ní ọgbọ́n òṣómàáàló nígbà àkọ́kọ́. Ọdún 1972 ni ìjọba ológun ti dá àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Owó jáde, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á sì di ẹni ńlá, ṣùgbọ́n nígbà tí àsìkò àtisan án tó, púpọ̀ nínú wọn kò bojú wẹ̀yìn. Ní ọdún 1993, wọ́n sọ àjọ náà di báńkì ètò ẹ̀kọ́, ìyẹn náà kò sì lọ jìnnà. NELFUND ti fi ti ẹ̀yìn kọ́gbọ́n. Nọ́mbà BVN, nọ́mbà NIN àti nọ́mbà JAMB ọmọ ló fi ń yá a lówó. Òṣómàáàló ti òde òní kò nílò àtilóṣòó mọ́. Kí ọmọ má ṣe rò pé òun á gba owó yìí gbé bí àwọn kan ti ṣe ní àtijọ́.

Ní òkè òkun pàápàá, orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè tó wà lọ́rùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé ní tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là, èlé sì wà lórí rẹ̀. Òfin kan tí Ààrẹ Donald Trump bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2025 sọ pé bí àwọn tó ka kọ́ọ̀sì kan fún dìgírì kò bá ń rí owó tó ju ti ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá nìkan lọ, ìjọba lè má yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́ láti kà á. Irú òfin bẹ́ẹ̀ le jù fún ilẹ̀ tiwa, torí pé yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó wúlò. Àmọ́ ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó yẹ ká kọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbé e jáde fún gbogbo ayé rí, kọ́ọ̀sì lẹ́yìn kọ́ọ̀sì, ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, iye tí àwọn tó jáde ń rí gbà. Bàbá tó wà níbẹ̀ lè wò ó kó tó bá ọmọ rẹ̀ jiyàn. Bàbá tó wà ní Ìbòkun kò ní ohun tí yóò wò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ yunifásítì láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023, kò ní san kọ́bọ̀ lórí £25,000 àkọ́kọ́ tó bá rí lọ́dún. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn ni wọ́n ń yọ 9% nínú rẹ̀. Bí ogójì ọdún bá kọjá, ohun tó bá kù ti di ìdáríjì. Èlé wà lórí tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kì í sanwó. Ní tiwa, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìbáà jẹ́ ₦70,000 ni gbogbo owó tó wọlé fún ọmọ. Bí wọ́n bá yọ ₦7,000 kúrò, ₦63,000 ló kù fún ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀. Ibí yìí ni òfin ti nílò àtúnṣe jù lọ.

Kí wá ni Anthropology ń mú wá? Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀kọ́ yìí sí lẹ́nu ọ̀nà kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, ń gba irú wọn, àwọn yunifásítì náà ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Anthropology ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó bá fẹ́ fi dìgírì náà ṣe olùkọ́ gbọ́dọ̀ tún lọ gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, kó sì forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àjọ TRCN. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde ló wà ní báńkì, ní iṣẹ́ ìjọba, ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn tàbí lẹ́nu òwò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí pamọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Síbẹ̀, àwọn tó mọ iyì ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti agbègbè rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí pọ̀. J.D.Y. Peel, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, kọ odidi ìwé lórí ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà, ó sì jáde ní ọdún 1983. Karin Barber gbé ní Òkukù, ó kọ́ oríkì wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1991. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937. Ní ọdún 1952, ó kọ àkọsílẹ̀ lórí èésú, tó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe lábẹ́ igi jẹ́ báńkì. Ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. N.A. Fádípẹ̀ kọ ìwé ńlá lórí ìgbé ayé Yorùbá fún oyè dókítà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó di ọdún 1940, ó sì ti kú kí ìwé náà tó jáde ní ọdún 1970. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àlejò ló ń fi ìtàn wa gba oyè, tí àwa sì ń sọ fún ọmọ wa pé kò lówó lórí?

Iṣẹ́ tó sì ń fẹ́ irú ìmọ̀ yìí ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń pa èèyàn ní Guinea, Sierra Leone àti Liberia, àwọn dókítà rí i pé oògùn àti aṣọ ìdáàbòbò nìkan kò tó. Bí àwọn ará ìlú ṣe ń wẹ òkú tí wọ́n sì ń sin ín ni àrùn náà ń gbà ràn. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ àṣà ènìyàn ni wọ́n bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rí ọ̀nà ìsìnkú tó níyì tí kò sì léwu. Nílùú yìí náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní ọdún 2003 nítorí ìfura, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kó tó di pé wọ́n kéde ní ọdún 2020 pé ọ̀wọ́ kòkòrò àrùn náà tó ń jà kiri tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Nílé gan-an, iṣẹ́ wà. Wọ́n ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òfin ohun àlùmọ́nì ọdún 2007 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn ará àdúgbò ṣe àdéhùn lórí ìdàgbàsókè wọn. Òfin àyíká ọdún 1992 náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe fún ìlú wò. Ẹni tó mọ ẹni tó ni ilẹ̀, ibi tí ojúbọ wà, bí ìdílé ṣe ń pín ogún, tó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ilé-iṣẹ́ gbọ́, ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ajogúnbá ayé ní ọdún 2005, ń pe àlejò láti gbogbo ayé. Ó yẹ kó jẹ́ ọmọ agbègbè yìí ni yóò máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kó sì máa gbowó rẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sọ pé Ajíbógun, tí wọ́n ń pè ní Obòkun, ló rìn títí dé òkun láti bu omi tí wọ́n fi wo ojú bàbá rẹ̀ sàn. Nígbà tó máa fi dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín gbogbo ogún, idà nìkan ló kù fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ wá ìmọ̀ lọ́nà jíjìn ló ń padà dé bá irú rẹ̀: wọ́n ti pín iṣẹ́ tán. Ajíbógun kò dúró sunkún. Idà yẹn ló fi tẹ ìlú dó. Ọmọ tó bá ka Anthropology gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, torí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, kó mọ bí wọ́n ṣe ń kó iye jọ tí wọ́n sì ń tú u palẹ̀, kó mọ ìwé kọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Ọdún mẹ́rin tó láti kọ́ gbogbo rẹ̀.

Ojúṣe ìjọba ṣì pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kí àwọn aṣòfin tún òfin náà gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n dá iye kan tí wọn kò ní yọ owó lórí rẹ̀ sílẹ̀, kó má ṣe jẹ́ pé ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù ni yóò máa ru ẹrù kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gba ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Èkejì, kí NELFUND máa fi ìwé ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, tí yóò sọ iye tó ti jẹ, èyí tó jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ àti èyí tó jẹ́ owó oúnjẹ, kí ojú ọmọ lè là kó tó jáde. Ẹ̀kẹta, kí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, NUC, pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa tọpa àwọn tó jáde, kí wọ́n sì gbé e jáde ibi tí wọ́n wà àti iye tí wọ́n ń gbà. Ìjọba ti mọ BVN gbogbo wọn. Kí wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ ran òbí lọ́wọ́, kó má jẹ́ pé gbígba gbèsè nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fi ṣe.

Àwọn òbí náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kí bàbá tó bínú sí orúkọ kọ́ọ̀sì, kó béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ: iye tó fẹ́ yá, ohun tó fẹ́ fi owó oṣooṣù náà ṣe, àti iṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ kọ́ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Bí ilé bá lè máa fi gààrí, èlùbọ́ àti epo ránṣẹ́ láti oko, kí ọmọ fi ₦20,000 yẹn sílẹ̀, tàbí kó gbà á ní ìwọ̀nba oṣù tí ìyà bá fẹ́ jẹ ẹ́. Gààrí láti Ìbòkun kò ní kí ọmọ jẹ gbèsè ọdún mẹ́wàá. Bí ilé kò bá sì lè ṣe é, kí ọmọ gbà á láìtijú, torí pé ebi kì í jẹ́ kí ọmọ ka ìwé, gbèsè tí kò sì ní èlé sàn ju kí ọmọ fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ sí kòtò góòlù.

Ọmọ tó bá ti mọ iye tó jẹ, tó mọ ìdí tó fi jẹ ẹ́, tó sì mọ ohun tí yóò fi san án, kò sí kọ́ọ̀sì tó kéré jù fún un. Èyí tí kò bá mọ̀ ni gbèsè máa ń bá lójijì, ìbáà jẹ́ òfin ló kà.